Ewé Tí Mo Fi Dí Ọ̀nà Lẹ́yìn Akínyẹlé

Ẹ̀kùrọ́ kan ṣẹ́kù nínú kèrègbè. Mo tún kèrègbè náà gbọ̀n, mo da ẹnu rẹ̀ dé àtẹ́lẹwọ́ mi, ẹyọ kan ṣoṣo náà ló já bọ́. Oòrùn ti ń yẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, ẹ̀wà ti jinná, àwọn èrò ti sọ ẹrù kalẹ̀, àwọn mìíràn tilẹ̀ ti fọ ẹsẹ̀ wọn. Ẹni mẹ́rìnlá ló tẹ̀lé mi kúrò nílé láàárọ̀. Ẹni mẹ́tàlá ló wà níwájú mi.

Ìyá Àdùkẹ́, olórí wa, ń tú òṣùká wọn lọ́wọ́. Wọn ò gbójú sókè tí wọ́n fi bi mí pé, "Ta ló kù?"

Mo wo ojú kọ̀ọ̀kan. "Agùntáṣọọ́lò ni, Ìyá."

Kí n tó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí, ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tí à ń ṣe, nítorí àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí mọ́tò ń gbé láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ọjà lè máà mọ̀ pé èèyàn ti fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà Ìlọrin rí. Ogun ti parí nígbà náà. Òyìnbó ti jókòó sí Ìbàdàn, ọ̀nà ti wà ní ṣíṣí, ẹnikẹ́ni ò sì jí èèyàn gbé lójú ọ̀nà mọ́. Ọkọ̀ ojú irin ò tíì kọjá ọ̀dọ̀ wa. Orí èèyàn ni ọkọ̀. Láti abà wa, tí kò jìnnà sí Olódò, a máa ń ru obì àti iyọ̀ lọ sí Ìlọrin, a ó sì ru kánún, àlùbọ́sà àti òrí bọ̀. Ìtàdógún ni àlọ àti àbọ̀, bí òjò ò bá dá wa dúró.

Iṣẹ́ oníbùsọ̀ ni tèmi, mo sì ṣe é ju ọdún mẹ́wàá lọ, títí ọkọ̀ ojú irin fi wá gba ẹrù kúrò lórí wa. Ibùsọ̀ ni ibi tí èrò ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ láti jẹun àti láti sùn. Oníbùsọ̀ kì í ru ọjà. Ìkòkò, igbá, iyọ̀ ọbẹ̀ àti iná ló ń rù. Iná náà, ẹ̀yinná nínú àpáàdì ni, a ó fi eérú bò ó kó má baà kú lọ́nà. Bí àwọn yòókù bá ṣì ń di ẹrù nílé, oníbùsọ̀ ti wà lọ́nà, nítorí òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé, kó gbálẹ̀, kó pọnmi, kó dáná, kó tẹ́ igi sílẹ̀ fún ẹrù. Kí n tó jáde nílé, olúkúlùkù á fún mi ní ẹ̀kùrọ́ kan. Bó bá dé ibùsọ̀, á mú ẹ̀kùrọ́ kan nínú kèrègbè mi kó tó bu oúnjẹ. Èyí tó bá kù níbẹ̀ ni ẹni tí kò tíì dé.

Ìyàwó tuntun ni mí nígbà tí Ìyá Àdùkẹ́ mú mi mọ́ iṣẹ́ náà. Ìyálé mi ni wọ́n, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi. Wọ́n sanra díẹ̀, wọn kì í yára, wọn kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Ìrìn àjò méjì ni mo fi tẹ̀lé wọn lẹ́yìn bí ìrù. Wọ́n kọ́ mi pé obì ń fẹ́ ibi tó tutù, iyọ̀ sì ń sá fún un, nítorí náà a kì í kó àwọn méjèèjì sí abẹ́ igi kan náà. Wọ́n kọ́ mi pé bí a bá dé odò, omi mímu la ń kọ́kọ́ pọn lápá òkè, ibi ẹsẹ̀ fífọ̀ wà nísàlẹ̀. Wọ́n ní ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ ni èrò á sùn sí, ibi tí ó ń lọ ni ààrò á wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo èrò á fi ikọ́ jí. Àti pé nígbà tí a bá ń ṣí kúrò, a ó fi igi gbígbẹ díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ààrò fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. A kì í mọ̀ wọ́n. Bí òjò bá lé wọn débẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé èèyàn ló kọjá.

Wọ́n sì kọ́ mi ní ewé. Níbi tí ọ̀nà bá ti pín sí méjì, oníbùsọ̀ tó ṣáájú á ṣẹ́ ẹ̀ka igi tútù, á fi í dábùú ọ̀nà tí kì í ṣe tiwa. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, bí ẹrù bá tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn débi tí kò lè gbójú sókè, ilẹ̀ ló ń wò. Á rí ewé, á gba ọ̀nà kejì.

Agùntáṣọọ́lò ni àbúrò ọkọ mi. Orúkọ rẹ̀ gan-an ò ṣeé pè lẹ́nu ìyàwó ilé, àwa ìyàwó la sọ ọ́ ní Agùntáṣọọ́lò torí ó ga bí ọ̀pẹ. Kò sí ẹni tó ń ru ẹrù tó o nínú ọ̀wọ́ wa, kò sì sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú tó o. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ se ọbẹ̀ fún èrò, ó bu ún lẹ́nu, ó gbé igbá sókè, ó yẹ inú rẹ̀ wò.

"Ìyàwó," ó ní, "ṣé ọbẹ̀ nìyí àbí omi tí o fi fọ ìkòkò?"

"Ọkọ mi, ọbẹ̀ ni."

"Háà. Mo rò pé o ṣì ń bọ̀ wá gbé ọbẹ̀ ni."

Gbogbo ibùsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, kò sí oúnjẹ mi tí kò ní í fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì sí èyí tí kì í jẹ tán.

Nígbà tí a fẹ́ lọ sí ìrìn àjò kẹta yìí, sòbìyà mú un lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, aràn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni tó ń yọ lára ẹsẹ̀ bí òwú. A kì í fà á. Igi pẹlẹbẹ kékeré la ń ká a mọ́, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, títí yóò fi jáde tán. Bó bá já sínú, ẹsẹ̀ á wú, ẹlòmíràn kì í sì í rìn dáadáa mọ́ láéláé. Ìyá ní kó dúró nílé. Ó ní òun ò ní í jókòó ti àwọn arúgbó. Wọ́n ní kí ẹnì kan máa bá a rìn. Ó ní ẹni tó bá dúró de òun, òun á lù ú. Wọ́n bá jẹ́ kó máa bọ̀ lẹ́yìn.

Ìrìn àjò náà ni Ìyá kọ́kọ́ jẹ́ kí n dá ṣáájú. Inú mi dùn. Mo kọjá Akínyẹlé kí oòrùn tó mú, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn àwọn obìnrin lẹ́yìn mi, oníbùsọ̀ ọ̀wọ́ mìíràn. Mo mọ̀ pé etí odò tí a máa ń sùn sí ni wọ́n ń lépa, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ gbálẹ̀ ló ni ín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ìkòkò ń lu ara wọn lórí mi. Mo dé oríta kan tó wà lẹ́bàá abà kékeré. Ọ̀nà òsì gbòòrò, ahoro àtijọ́ kan ló lọ sí, kò sì já síbì kankan. Ọ̀nà ọ̀tún ni tiwa. Igi ìyeyè wà níbẹ̀ gan-an, ẹ̀ka rẹ̀ sún mọ́lẹ̀. Mo ṣẹ́ ẹ̀ka kan láìsọ ìkòkò kalẹ̀, mo jù ú sójú ọ̀nà òsì, mo ń lọ. Mo bá etí odò náà ní òfìfo. Mo gbálẹ̀, mo gbé ìkòkò kalẹ̀, mo rò pé mo gbọ́n.

Nígbà tí ẹ̀kùrọ́ kan wá ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi, Ìyá Àdùkẹ́ dìde.

"Ewé wo lo fi dí oríta?"

"Ìyeyè ni, Ìyá."

Wọ́n wò mí. "Ìyeyè. Lẹ́bàá abà. Ìyàwó, ewúrẹ́ ta lo ń fún lóúnjẹ?"

Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi rí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pé níbi tí èèyàn bá ń gbé, ewé tí ẹran ò jẹ ni kí n lò. Làpálàpá ni wọ́n fi hàn mí. Làpálàpá náà wà níbẹ̀, wọ́n fi ṣọgbà yí abà náà ká, ó kù díẹ̀ kí ara mi kàn án bí mo ti ń kọjá. Ṣùgbọ́n n bá ní láti sọ ìkòkò kalẹ̀, kí n rìn dé ìdí ọgbà.

Àwa méjèèjì la padà. A rìn títí. Nígbà tí a dé oríta, ìtí ẹ̀ka náà wà nílẹ̀, ó mọ́ bí igi ìfọyín. Ewúrẹ́ mẹ́ta dùbúlẹ̀ tì í, wọ́n ń jẹ àpọ̀jẹ. Obìnrin kan ń gún nǹkan nínú odó lẹ́nu ọ̀nà abà.

Ìyá kí i, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí ọkùnrin gíga kan tó ń tiro, tó ru ẹrù?"

"Mo rí i. Ọ̀nà ahoro ló gbà. Ó kí mi, mo kí i."

"Ẹ ò sọ fún un pé ọ̀nà náà ò lọ?"

"Mo rò pé ó mọ ibi tó ń lọ ni. Ṣé mo lè máa bi gbogbo ẹni tó ń kọjá pé níbo lẹ̀ ń rè?"

A wọ ọ̀nà ahoro. Koríko ga jù wá lọ, ọ̀nà tó gbòòrò lẹ́nu ti tóró, ó ti di ti ẹran. A ń pè é. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ohùn kan dáhùn láti ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀, níbi tí ọ̀nà já sí àbàtà. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi. Ó ti gbé ẹrù rẹ̀ kọ́ sí ẹ̀ka igi kan kí omi má baà kan iyọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú fún ẹrẹ̀ títí dé orúnkún. Ó mú igi pẹlẹbẹ kékeré náà lọ́wọ́, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ mọ́.

"Ó já," ó ní. "Ẹrẹ̀ gbé ẹsẹ̀ mi mì, mo fà á yọ, aràn já."

Ìyá kúnlẹ̀, wọ́n wo ẹsẹ̀ náà.

"Kò sí ewé níbẹ̀," ó ní. "Mo dúró, mo wò ó dáadáa. Kò sí ewé kankan. Ẹsẹ̀ ń ro mí, mi ò dá ọ̀nà wa mọ̀ mọ́, mo gba èyí tó gbòòrò."

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá. "Èmi ni, ọkọ mi. Ìyeyè ni mo fi sí i. Ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Mo ń retí kó bú mi. Ẹnu rẹ̀ tí mo mọ̀ yìí, mo rò pé á fi mí ṣe ẹlẹ́yà dé Ìlọrin. Ó kàn wò mí, ó sì yí ojú kúrò. Ìyá ru ẹrù rẹ̀, ó fi ọwọ́ kọ́ mi lọ́rùn, a sì padà sí ibùsọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìgbín. Bó ti ga tó yẹn, gbogbo ara rẹ̀ wà léjìká mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ náà ti wú bí odó. Àwọn èrò yí i ká. Obì ò lè dúró, ṣe ló máa ń jẹrà, nítorí náà ọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ ṣí. Ẹnì kan ní ká gbé e padà sílé. Agùntáṣọọ́lò ní bí ẹnikẹ́ni bá fi ọwọ́ kan òun ní ọjọ́ náà, òun á pariwo dé Ìbàdàn.

Ìyá Àdùkẹ́ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìwọ lo máa dúró tì í títí a ó fi bọ̀."

"Ìyá, ta ló máa ṣe ibùsọ̀ fún yín?"

"Èmi ni. Mo ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí ọ." Wọ́n fi ewé tí n ó máa gbé ka iná hàn mí, àti bí n ó ṣe máa fi epo gbígbóná pa ẹsẹ̀ náà lára. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Èmi náà, kò yẹ kí n jẹ́ kó dá gbẹ̀yìn, bó ti wù kó bú mi tó. Ẹ̀bi náà ò pé lórí rẹ nìkan. Ṣùgbọ́n tìrẹ ni kí o kọ́kọ́ ru."

Báyìí ni ibùsọ̀ ọjọ́ kan ṣe di ilé mi fún ọjọ́ tó sún mọ́ ìtàdógún. Mo gé imọ̀ ọ̀pẹ, mo fi ṣe àtíbàbà lórí rẹ̀. Láàárọ̀ n ó pọnmi kí àwọn ẹran tó da odò rú, n ó gbé ewé ka iná, n ó fi epo pa ẹsẹ̀ náà, n ó sun iṣu. Tí oòrùn bá ti gòkè, àwọn ọ̀wọ́ èrò mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í dé, àwọn elẹ́lùbọ́, àwọn aláṣọ òkè, àwọn Hausa tó ń da màlúù bọ̀. Iná ti wà nílẹ̀, omi ti wà nílẹ̀, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo wọn ń yà sí. Wọ́n á bu oúnjẹ nínú tiwọn sílẹ̀ fún wa. Mo mọ ẹni tó ń fi ata púpọ̀ sọ́bẹ̀ àti ẹni tó ń fọ ẹsẹ̀ sí omi mímu. Mo lé ọkùnrin kan kúrò lápá òkè odò, ó ní ta ni mí, mo ní èmi ni oníbùsọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo fi ẹnu ara mi pe ara mi bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo yíjú, Agùntáṣọọ́lò ń wò mí.

Kò bá mi sọ̀rọ̀. Á ní, "Omi," n ó gbé e fún un. Bí mo bá se ọbẹ̀, á lá a, á gbé igbá kalẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ bu omi sí ọbẹ̀ lọ́jọ́ kan, bóyá á sọ nǹkan. Ó lá a tán. Lọ́jọ́ náà mo lọ sétí odò lọ sunkún.

Ní ọjọ́ karùn-ún, obìnrin elewúrẹ́ yẹn dé pẹ̀lú iṣu mẹ́ta lórí. Ó sọ wọ́n kalẹ̀, ó jókòó láìdúró kí a ní kó jókòó.

"Mi ò sùn dáadáa," ó ní. "Wọ́n ní ewúrẹ́ mi ló ṣe èyí."

"Èmi ni mo ṣe é, Ìyá," ni mo dáhùn.

"Ẹ̀yin èrò, ẹ ò kúkú sọ fún wa! Ojoojúmọ́ ni ewé tútù ń wà nílẹ̀ níbẹ̀, ewúrẹ́ mi á jẹ ẹ́, mo ní èrò ò burú, wọ́n ń bá mi bọ́ ẹran. Báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lẹ̀ ń bá ara yín sọ?" Ó yíjú sí Agùntáṣọọ́lò. "Ewúrẹ́ náà ńkọ́? Ṣé ó gbọ́ èdè èrò ni?"

Mo gbọ́ ohùn kan bí ẹni tí oúnjẹ há lọ́fun. Agùntáṣọọ́lò ni. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú nítorí ẹ̀rín náà ń dùn ún níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ojú rẹ̀ tún padà sí bó ṣe wà.

Ibà mú un ní ọjọ́ kẹjọ. Ó ń gbọ̀n, ó ń pe ìyá rẹ̀ tó ti kú. Mo rò pé ó fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni, mo sì ń ro ohun tí n ó wí fún ọkọ mi nílé. Mi ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ewé gbígbóná, epo, omi, ewé gbígbóná. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹsàn-án, ẹsẹ̀ náà tú, ìdọ̀tí inú rẹ̀ jáde, aràn tó kù sì bá a jáde. Ó pariwo lẹ́ẹ̀kan, ó sì sùn. Nígbà tó jí ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ ti tutù, ó ní ebi ń pa òun. Mo sáré bu ọbẹ̀ fún un.

Ó bu ún lẹ́nu. Ó gbé igbá náà sókè, ó yẹ inú rẹ̀ wò.

"Ìyàwó," ó ní, ohùn rẹ̀ ò tíì le, "gbogbo odò yìí lo pọn tán sínú ìkòkò, àbí o ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ẹja?"

Mo bú sẹ́kún. Ó ní, "Ó ti tó. Fi iyọ̀ sí i."

Nígbà tí ọ̀wọ́ wa dé láti Ìlọrin, ó ti ń fi ọ̀pá rìn. Orúnkún ẹsẹ̀ náà ò ká mọ́, kò sì ká mọ́ títí ó fi dolóògbé. Ìyá Àdùkẹ́ tẹ̀ ẹ́ wò yí ká, wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n wá bèèrè ta ni yóò ṣáájú lọ dáná ọ̀sán lọ́jọ́ kejì. Mo rí i tí àwọn ẹlẹ́rù ń wo ara wọn. Ọ̀kan ní, "Ìyá, ẹ bá wa ṣáájú fúnra yín." N ò bá a jà. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ru ẹrù, ohun tí n ó sọ náà nìyẹn.

"Ìyàwó ni kó ṣáájú," Agùntáṣọọ́lò sọ láti ibi tó jókòó sí.

"Ìwọ ńkọ́?" ni Ìyá wí.

"Èmi á gbẹ̀yìn. Mi ò lè yára, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dúró dè mí."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ṣáájú. Bí mo ti ń kọjá lábà, mo ṣẹ́ làpálàpá nínú ọgbà obìnrin náà, ẹ̀ka méjì, mo fi kọ́ ìkòkò mi. Mo dé ibi tí ọ̀nà Ìbàdàn ti yà kúrò lára ọ̀nà Olódò tó lọ sílé wa. Mo sọ ẹrù mi kalẹ̀. Mo fi ẹ̀ka méjèèjì dábùú ọ̀nà Ìbàdàn, mo fi òkúta tẹ ìdí wọn. Mo gbé ìkòkò, mo rìn bí ẹsẹ̀ mẹ́wàá. Mo padà. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ewé náà.

Àwọn ẹlẹ́rù dé, wọ́n ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ìyàwó, iná ọ̀sán ńkọ́?" "Ṣé ó rẹ̀ ọ́ ni?" "Ebi á pa wá o!" Mo ń kí wọn pé ẹ kú ìrìn. Ìyá Àdùkẹ́ ló kọjá gbẹ̀yìn nínú wọn. Wọ́n dúró, wọ́n wo làpálàpá, wọ́n wo òkúta, wọ́n wò mí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé àpáàdì iná àti ìkòkò ńlá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n gbé wọn lé orí ẹrù tiwọn, wọ́n sì lọ dáná.

Ó pẹ́. Oòrùn ti dé àárín orí kí n tó gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ lórí ilẹ̀ líle. Agùntáṣọọ́lò yọ, ó ga, ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, òógùn bo ojú rẹ̀. Ó wo ewé, ó wò mí.

"Kí lo jókòó ṣe níbí? Ṣé ìwọ náà ti di ewé ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ mi. Èyí tí ewúrẹ́ ò lè jẹ."

Ó dúró síbẹ̀, ó fara ti ọ̀pá. Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí ọ̀nà Olódò, ó ní kí n dìde, ebi ń pa òun. Mo ṣu òṣùká mi, mo gbé ìwọ̀nba ìkòkò tó kù, mo sì jẹ́ kó ṣáájú.